Bí Àwọn Dókítà Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Ṣe Ń Ka Ìwé Ìwádìí Ìṣègùn

Ẹ̀yin àgbà dókítà, ẹ̀yin rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn ẹ̀yin dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn wá gbọ́rọ̀, mo kí gbogbo ìjókòó pátá. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi ṣíde. Ká ní àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ẹnì 1 péré ló ń ní in nínú èèyàn 1,000. Ayẹ̀wò kan wà fún un, àmọ́ nínú 100 èèyàn tí kò ní àìsàn yìí, ayẹ̀wò náà yóò ṣì pe 5 nínú wọn ní aláìsàn. Èsì ẹnì kan wá jáde, ó ní àìsàn náà wà lára rẹ̀. A kò mọ nǹkan mìíràn kankan nípa onítọ̀hún. Báwo ló ṣe dájú tó pé ó ní in lóòótọ́?

Ní 1978, wọ́n bi 60 èèyàn ní ìbéèrè yìí nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard ní Amẹ́ríkà: akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin 20, dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ 20, àgbà dókítà 20. Àwọn 11 péré ló gbà á. Àwọn 27 ní 95%. Ní 2014, àwọn olùwádìí mìíràn tún bi 61 èèyàn ní ilé ìwòsàn kan ní agbègbè Boston. Àwọn 14 ló gbà á, 95% náà ló sì wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Nínú 1,000 èèyàn, ẹnì 1 ló ní àìsàn náà, ká sì gbà pé ayẹ̀wò mú un. Nínú 999 tó kù, ayẹ̀wò yóò ṣì mú bí 50. Àpapọ̀ àwọn tí èsì wọn sọ pé wọ́n ní in jẹ́ bí 51, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló ní in. Bí 2% nìyẹn. Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀ tí ọmọ iléèwé girama kò lè ṣe. Ẹni tó sọ pé 95% wo ayẹ̀wò dáadáa, kò wo àwọn èèyàn tí wọ́n ń ṣe ayẹ̀wò fún rárá.

Ohun tí mo ní í sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì mọ orúkọ gbogbo nǹkan tó wà nínú ìwé ìwádìí, wọ́n lè ka ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín lórí. Ìrìn àjò láti orí àtẹ nọ́ńbà dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n kì í sábà rìn dópin. Bí a ṣe ń kọ́ wọn gan-an ló sì fà á.

Ohun tí wọ́n rí ní Connecticut

Ìwádìí tí àwọn olùkọ́ máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú JAMA, jọ́nà ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, ní 2007. Rẹ́sídẹ́ǹtì 277 láti ibi ìkọ́ṣẹ́ 11 nínú Internal Medicine, ìyẹn ìtọ́jú àgbàlagbà láìsí iṣẹ́ abẹ, ní ìpínlẹ̀ Connecticut dáhùn 20 ìbéèrè lórí ìṣirò tó máa ń wà nínú àwọn jọ́nà ìṣègùn. Ìpíndọ́gba máàkì wọn jẹ́ 41.4%. Àwọn fellow, ìyẹn dókítà tó ti parí rẹ́sídẹ́ǹsì tó ń kọ́ ẹ̀ka kan sí i, àti àwọn olùkọ́ tó ti kọ́ nípa ṣíṣe ìwádìí, tí wọ́n dáhùn ìbéèrè kan náà, gba 71.5%.

Máàkì gbogbogbòò kì í sọ nǹkan púpọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti gbà á àti ibi tí wọ́n ti kùnà. Relative risk, ìyẹn ewu ẹgbẹ́ kan tí a fi wé ti ẹgbẹ́ kejì, yé 81.6% nínú wọn. Odds ratio, ìbátan rẹ̀ tó ń fi iye tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí wé iye tí kò ṣẹlẹ̀ sí, èyí tí wọ́n ti fi ìṣirò tún ṣe nítorí àwọn nǹkan mìíràn tó lè da èsì rú, 37.4% ló yé. Nígbà tó di confidence interval, ìyẹn ààlà méjì tí òdodo lè wà láàárín wọn, àti ohun tó ń sọ nípa bóyá èsì kan dájú, 11.9%. Àwòrán Kaplan-Meier, ìyẹn ìlà alákàsọ̀ tó ń fi iye tó ṣì wà láàyè hàn bí ọjọ́ ṣe ń lọ, tí gbogbo ìwé nípa jẹjẹrẹ máa ń gbé síwájú, 10.5% péré ló tú u bó ṣe yẹ. Mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn sì jẹ́wọ́ pé kì í ṣe gbogbo ìṣirò tí àwọn ń bá pàdé nínú jọ́nà ló ń yé àwọn, bẹ́ẹ̀ 95% ló gbà pé ó ṣe pàtàkì kó yé àwọn. Wọn kò tan ara wọn jẹ.

Kí ló dé tí relative risk fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀, tí èyí tó kù sì le? Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni relative risk. Ẹ rí 0.75, ẹ ní ewu fi ìdá mẹ́rin dín, ó parí. Confidence interval ń bi yín léèrè ohun tí ẹ máa ṣe bí òdodo bá wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, àti ohun tí ẹ máa ṣe bó bá wà ní ìpẹ̀kun òsì. Èèyàn ò lè há ìyẹn sórí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ààlà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìdánwò Connecticut yẹn jẹ́ ti ìṣirò. Èèyàn lè gba gbogbo máàkì níbẹ̀ kó má sì mọ̀ pé irú aláìsàn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí kan kò jọ tirẹ̀ rárá. Rẹ́sídẹ́ǹtì Amẹ́ríkà sì ni wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé 41% yẹn kiri bí ẹni pé ti Ìbàdàn tàbí ti Ifẹ̀ ni.

Ọmọ mélòó ni a óò tọ́jú?

Ẹ jẹ́ ká gbé ìwádìí kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. AQUAMAT jáde nínú Lancet ní 2010. Àwọn ọmọ 5,425 tí ibà líle gbé dè ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi ṣe é, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n pín àwọn ọmọ náà bí ẹni ṣẹ́ kèké: ìdajì gba abẹ́rẹ́ artesunate, ìdajì gba kuiníìnì. Nínú àwọn 2,712 tó gba artesunate, 230 kú. Nínú àwọn 2,713 tó gba kuiníìnì, 297 kú.

Bí ẹ bá ní kí rẹ́sídẹ́ǹtì sọ èsì yìí, yóò ní artesunate dín ikú kù pẹ̀lú 22.5%. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ wá bi í pé ọmọ mélòó la máa tọ́jú pẹ̀lú artesunate dípò kuiníìnì kí ẹyọ ọmọ kan tí ì bá kú tó yè. Ilé á kọ́kọ́ pa rọ́rọ́. 297 nínú 2,713 jẹ́ bí 10.9%, 230 nínú 2,712 jẹ́ bí 8.5%. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ọmọ 2.4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nínú 100. Ẹ fi nọ́ńbà gangan pín in, ẹ ó rí ọmọ 1 nínú 41. Ilé ìwòsàn tó ń gba 200 ọmọ tí ibà líle ń dà láàmú lọ́dún yóò ní bí ọmọ 5 tí ì bá kú tí wọ́n á padà sílé. Ẹ lè sọ ìyẹn fún kọmíṣánnà ètò ìlera kó yé e. 22.5% kò lè sọ ọ́, torí 22.5% kan náà ni ì bá jẹ́ ká ní ọmọ 11 ló ń kú nínú 10,000.

Odds ratio ìwádìí yẹn jẹ́ 0.75, confidence interval rẹ̀ 0.63 sí 0.90. Bí òdodo bá wà ní 0.63, oògùn náà dára gan-an. Bó bá wà ní 0.90, ó ṣì dára ju kuiníìnì lọ. Ìpẹ̀kun méjèèjì ní ká ṣe ohun kan náà, ìdí nìyẹn tí ọkàn fi balẹ̀. Kíka confidence interval kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìpẹ̀kun kan bá ní ká ṣe é, tí èkejì ní ká má ṣe é, ìwádìí náà kò tíì dá wa lóhùn.

Ibì kan tún wà nínú AQUAMAT tí ìwé àyẹ̀wò alámì, èyí tí wọ́n ń fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá dáhùn, máa ń ṣi rẹ́sídẹ́ǹtì lọ́nà. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà mọ oògùn tí wọ́n ń fún wọn. Lórí ìwé àyẹ̀wò, àmì "rárá" ni wọ́n máa fi síwájú ìbéèrè bóyá wọ́n fi oògùn náà pa mọ́ fún dókítà, rẹ́sídẹ́ǹtì á sì kéde pé ìwádìí náà ní àbùkù ńlá. Ṣé ikú ṣe é fi ojúsàájú kà? Ọmọ kú tàbí kò kú. Ká ní ìrora ni wọ́n ń wọ̀n, tàbí bí ara ọmọ ṣe ń yá sí lójú dókítà, mímọ̀ oògùn ì bá ba èsì jẹ́. Ẹni tó ń fi àmì sí ìwé kò nílò láti ronú nípa èyí, ìyẹn sì ni mo kórìíra jù nínú àwọn ìwé àyẹ̀wò yẹn.

Nígbà tí àmì ara ń dára, tí ọmọ ń kú

Ìwádìí FEAST ni mo fẹ́ dúró lé jù, torí ó kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n. Ó jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2011, láti Uganda, Kenya àti Tanzania. Àwọn ọmọ tí ara wọn gbóná, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lọ káàkiri ara bó ṣe yẹ, ni wọ́n kó jọ: ẹsẹ̀ tutù, ọkàn ń sáré, ìlù ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ kò lágbára, wọ́n tẹ èékánná, ó ju ìṣẹ́jú àáyá 2 kí àwọ̀ rẹ̀ tó padà. Ohun tí ìwé wí nígbà yẹn ni pé kí wọ́n tètè da omi sínú iṣan wọn, mílílítà 20 sí 40 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Àwọn olùwádìí pín ọmọ 3,141 sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba omi albumin, ìyẹn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, kíákíá, àwọn kan gba omi iyọ̀ kíákíá, àwọn kan kò gba èyí tó yára rárá, omi ìtọ́jú tó ń kán díẹ̀díẹ̀ nìkan ni.

Láàárín wákàtí 48, 111 kú nínú 1,050 tó gba albumin. 110 kú nínú 1,047 tó gba omi iyọ̀. 76 kú nínú 1,044 tí kò gba omi kíákíá. Ẹ ṣírò rẹ̀: 10.6%, 10.5%, 7.3%. Bí ẹ bá da omi kíákíá sínú iṣan bí ọmọ 31, ẹyọ kan tí ì bá yè kú. Èèyàn 3,600 ni wọ́n fẹ́ kó jọ, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwádìí náà ní kí wọ́n dáwọ́ dúró kó tó pé.

Èyí tó yẹ kí gbogbo rẹ́sídẹ́ǹtì mọ̀ jáde nínú àtúpalẹ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ní 2013: ní wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àmì ara àwọn ọmọ tó gba omi dára ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Dókítà tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹsẹ̀ ti ń móoru, ìlù ẹ̀jẹ̀ ti ń lágbára. Ó máa búra fún yín pé omi ṣiṣẹ́. Ojú kò sì parọ́, ó kàn jẹ́ pé ohun tí ojú wò kọ́ ni ohun tí òbí ọmọ gbé e wá fún. Nígbàkígbà tí ìwé ìwádìí bá gbé àmì kan wá dípò ikú tàbí ìyè, ìfúnpá, iye ṣúgà, ìlù ọkàn tàbí èsì X-ray, ẹ béèrè ẹ̀rí pé bí àmì yẹn bá dára, aláìsàn náà á dára.

Ìgbà tí FEAST ti wá di gbajúmọ̀ ni àṣìkà èkejì bẹ̀rẹ̀. Rẹ́sídẹ́ǹtì gbọ́ pé "omi ń pa ọmọ ní Áfíríkà", ó sì ń bẹ̀rù láti fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ lára ní omi. Ẹ padà sínú ìwé náà, apá tí wọ́n ti ṣàlàyé àwọn tí wọn kò gbà wọlé: ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ọmọ tí àìjẹunre ti bà jẹ́ gidi, ọmọ tí iná jó. Wọn kò sí nínú 3,141 yẹn. Àwọn ọmọ tí ìfúnpá wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an kò sí nínú ìṣirò yìí pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀, gbogbo wọn ló sì gba omi. Ibi tí wọ́n ti ṣe é pẹ̀lú ṣe pàtàkì: kò sí ẹ̀rọ amúnimí fún ọmọ tí omi bá kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àtòkọ àwọn tí wọn kò gbà wọlé máa ń wà ní ìpínrọ̀ kan péré nínú ìwé. Ojú máa ń fò ó, òun ló sì ń sọ ẹni tí èsì náà wà fún.

Àṣamọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ọ̀pọ̀ rẹ́sídẹ́ǹtì kì í ka ju àṣamọ̀ lọ, ìyẹn ìsọnísókí tó wà níwájú ìwé. Àkókò wà lára ohun tó fà á, owó pẹ̀lú: jọ́nà fi ìwé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, àṣamọ̀ nìkan ló wà níta. HINARI, ètò ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá sílẹ̀ ní 2002, ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀ fún ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, àmọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkàwé. Ilé ìkàwé ti tì ní aago mẹ́rin. Rẹ́sídẹ́ǹtì wà ní ìpe lóru.

Ewu àṣamọ̀ hàn kedere nínú ìwádìí kan tó jáde nínú JAMA ní 2010. Wọ́n kó ìwé 72 jọ, gbogbo wọn ìwádìí tí wọ́n fi kèké pín èèyàn, tí olórí ìbéèrè wọn kò sì mú èsì tó dájú jáde. Nínú 42 lára wọn, ìyẹn 58.3%, ìparí tó wà nínú àṣamọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ka àṣamọ̀ nìkan yóò rò pé oògùn náà ṣiṣẹ́.

Ìwádìí WOMAN ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n fi kọ́ èyí, torí pé kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, ó kàn le ni. Ó jáde nínú Lancet ní 2017: obìnrin 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, ilé ìwòsàn 193, orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà wà nínú wọn. Ìdajì gba gíráàmù 1 tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ìdajì gba omi iyọ̀ lásán. Gbólóhùn ìparí àṣamọ̀ ní oògùn náà ń dín ikú láti inú ẹ̀jẹ̀ yíya kù. 155 kú nínú 10,036, 191 kú nínú 9,985. Relative risk 0.81, confidence interval 0.65 sí 1.00. P, ìyẹn bí irú èsì báyìí ṣe lè wá lásán tó ká ní oògùn kò ṣe nǹkan kan, jẹ́ 0.045.

Ẹ gbé ojú sókè díẹ̀ nínú àṣamọ̀ kan náà. Olórí ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni ikú nítorí ohunkóhun tàbí yíyọ ilé-ọmọ. 534 ló ní in ní ẹgbẹ́ oògùn, 546 ní ẹgbẹ́ omi iyọ̀: 5.3% àti 5.5%, p 0.65. Kò sí ìyàtọ̀ tó dájú. Ṣé àwọn olùwádìí yí ìbéèrè padà láti rí ohun tí wọ́n fẹ́ ni? Ìdí wọn wà nínú ìwé náà fún ẹni tó bá ka ju àṣamọ̀ lọ. Nígbà púpọ̀, dókítà ti pinnu láti yọ ilé-ọmọ ní ìṣẹ́jú kan náà tí wọ́n ń fi obìnrin náà sínú ìwádìí, oògùn kò sì lè yí ìpinnu tí wọ́n ti ṣe padà. Ìyẹn ni wọ́n fi gbé iye èèyàn kúrò ní 15,000 sí 20,000, kí wọ́n lè rí ikú láti inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní tèmi, àlàyé náà mọ́gbọ́n dání. Rẹ́sídẹ́ǹtì tó bá ní kò tẹ́ òun lọ́rùn náà lẹ́tọ̀ọ́, tó bá ti kà á.

Ikú nítorí ohunkóhun wá ńkọ́? 227 àti 256. Relative risk 0.88, confidence interval 0.74 sí 1.05, p 0.16. Ẹni tó bá rí 0.16 yóò ní "oògùn yìí kì í dín ikú kù". Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. 0.74 wà nínú ààlà yẹn, ìyẹn ikú tó fi ìdá mẹ́rin dín, 1.05 náà wà níbẹ̀. Àìrí ẹ̀rí tó dájú kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan kò sí. Nínú àwọn tó gba oògùn láàárín wákàtí 3 tí wọ́n bímọ, ikú láti inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 1.2%, ó jẹ́ 1.7% ní ẹgbẹ́ omi iyọ̀, ìyẹn ìyàtọ̀ obìnrin 1 nínú bí 200. Ní 2017 náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi wákàtí 3 yẹn sí ìlànà rẹ̀. Gíráàmù 1 láti inú iṣan láàárín ìṣẹ́jú 10, òmíràn bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Rẹ́sídẹ́ǹtì tó mọ orúkọ oògùn, tí kò mọ wákàtí 3, yóò fún obìnrin tí wọ́n gbé wá láti abúlé ní wákàtí kẹjọ, yóò sì rò pé òun ń tẹ̀lé ìwádìí.

384

Ìwé tí rẹ́sídẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ń kọ fún ìdánwò Part II, èyí tí wọ́n fi ń di àgbà dókítà, ló máa ń fi hàn bóyá ìṣirò yé e. Ẹ ṣí i sí ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé iye èèyàn, 384 kì í jìnnà. Ó wá láti inú 1.96 lọ́nà ara rẹ̀, lọ́nà 0.5, lọ́nà 0.5, kí a fi 0.05 lọ́nà ara rẹ̀ pín in. Wọ́n á fi 10% lé e, á di 422. Ìdáhùn tó dára gan-an ni, sí ìbéèrè kan ṣoṣo: ìdá mélòó nínú àwọn èèyàn ló ní nǹkan kan, kí àṣìṣe má ju 5% sókè tàbí sísàlẹ̀? Fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kan sàn ju èkejì lọ, 384 kò sọ nǹkan kan. Bí ikú bá jẹ́ 10% pẹ̀lú oògùn àtijọ́, tí a ń retí 7% pẹ̀lú tuntun, bí 1,350 ni a nílò ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí a tó ní àǹfààní 80% láti rí i. Ẹni tó mọ èyí yóò wo ìwádìí tó lo 60 aláìsàn ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó sì ní "kò sí ìyàtọ̀", yóò rẹ́rìn-ín.

Òfin kékeré kan tún wà tó yẹ kó wà lápò gbogbo dókítà. Bí wọ́n bá ní oògùn kan kò ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá nínú èèyàn 60, ẹ fi 60 pín 3. Ó di 5%. Jàǹbá náà ṣì lè máa ṣẹlẹ̀ sí ẹnì 5 nínú 100 kí 60 àkọ́kọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú 3,000, ó di 1 nínú 1,000.

Òmíràn ni ti àwọn tó sọnù. Ká ní 100 ni ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 10 kú níhìn-ín, 18 kú lọ́hùn-ún, àwọn 12 kò sì padà wá ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ ikú jẹ́ 8, àwọn tó sọnù ju 8 lọ. Bí nǹkan bá ti rí báyìí, èsì náà lè yí padà pátápátá, ohunkóhun tí p bá sọ.

Journal club

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí a bá fi wákàtí mẹ́wàá kún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò, máàkì á gòkè, ìtọ́jú aláìsàn á wà níbi tó wà. Àkójọ ìwádìí 23 tí jọ́nà BMJ gbé jáde ní 2004 fi hàn bẹ́ẹ̀: ẹ̀kọ́ tó dá dúró nínú kíláàsì ń fi kún ìmọ̀ nìkan, èyí tí wọ́n fà wọnú iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ń yí ìmọ̀, ọgbọ́n iṣẹ́, ìhà tí wọ́n kọ sí i àti ìwà padà.

Journal club, ìyẹn ìpàdé tí àwọn dókítà ti máa ń jọ ka ìwé ìwádìí, ti wà láti 1875 tí dókítà William Osler dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní McGill ní Kánádà, tiwa sì wà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ. Wọ́n yan ìwé lálẹ́ àná. Sláìdì 40. Rẹ́sídẹ́ǹtì kà á láti orí àkọlé dé ìparí. Ọ̀gá béèrè pé àbùkù wo ló rí. Ó ní iye èèyàn kéré, ibì kan ṣoṣo sì ni wọ́n ti ṣe é. Ìdáhùn yìí ló ń fún gbogbo ìwé, títí kan èyí tí wọ́n fi 20,000 èèyàn ṣe. Ọ̀gá wá sọ èrò tirẹ̀, wọ́n jẹ ìpápánu, ó parí.

Ohun tí mo máa fi rọ́pò rẹ̀ gba ìṣẹ́jú 45. Ìṣẹ́jú 5 fún aláìsàn kan tó wà ní wọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ yẹn àti ìbéèrè kan nípa rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 kí olúkúlùkù dákẹ́ ka bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí náà, pẹ̀lú ìwé bébà lórí àṣamọ̀, kí wọ́n wo ẹni tí wọ́n gbà àti ẹni tí wọn kò gbà. Ìṣẹ́jú 10 lórí àwòrán tó ń fi iye èèyàn hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: mélòó wọlé, mélòó sọnù, mélòó ni wọ́n ṣírò. Ìṣẹ́jú 15 fún ìṣirò lórí bébà, kálúkú pẹ̀lú báírò tirẹ̀: iye tó kú nínú iye tó wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ wọn nínú 100, èèyàn mélòó fún ẹyọ kan, ìpẹ̀kun méjèèjì confidence interval. Ìṣẹ́jú 5 tó kù ni kí wọ́n fi pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe fún aláìsàn náà. Kí ọ̀gá má sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí ọ̀gá bá ti lanu, gbogbo ilé á gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àwa Yorùbá kì í jà níyàn pẹ̀lú àgbà ní gbangba.

Ẹ yẹra fún ìdánwò tí wọ́n kàn ń mú ìdáhùn kan nínú mélòó kan. Berlin questionnaire ní ìbéèrè 15 tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó wúlò láti fi wo kíláàsì lápapọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọgbọ́n ìdánwò lè yege nínú rẹ̀. Ìdánwò Fresno tó jáde nínú BMJ ní 2003 ń fún wọn ní ìtàn aláìsàn, ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ìbéèrè, wá ìwé, ṣírò, ṣàlàyé. 212 ni gbogbo máàkì rẹ̀. Àwọn ògbógi tí wọ́n fi dán an wò gba ìpíndọ́gba 147.5, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ gba 95.6. Fresno ń gba àkókò láti máàkì, ìyẹn ló ń lé àwọn olùdánwò sá. Èyí tó rọrùn jù lọ fún ẹ̀ka tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ni kí ẹ ya ìpínrọ̀ èsì kúrò nínú ìwé kan, kí ẹ yọ ìparí rẹ̀ dànù, kí ẹ fún rẹ́sídẹ́ǹtì ní ojú ìwé kan àti ogún ìṣẹ́jú kó kọ ìparí tirẹ̀ fún aláìsàn kan tí ẹ ti ṣàpèjúwe. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ti òǹkọ̀wé fún un, kó fi báírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀, kó sì tọ́ka sí àtẹ tó fi ń jiyàn.